Bí a ṣe ń ka ìwé ẹ̀bẹ̀ ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún nítorí ilé fífọ́: Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún

Ní Ìjẹ̀bú-Òde níbi tí mo dàgbà sí, ẹni tó ṣẹ̀ kì í dá nìkan wá bẹ̀bẹ̀. Bí ó bá dá wá, bàbá tó jókòó sí pálọ̀ kò ní kọ́kọ́ bi í ní ohun tó ṣe. Ohun tí wọn yóò bi í ni pé, "Ta ló bá ọ wá?" Ìbéèrè yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́wọ́ bí ẹ bá fẹ́ ka àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ sí ọba wọn ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí wọ́n bá ti dájọ́ ikú fún ẹnì kan nítorí pé ó fọ́ ilé onílé lóru. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, mo sì ti ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti Àgó-Ìwòyè àti Ìjagun tí wọ́n máa ń wá bá mi fún ìrànlọ́wọ́ a máa ka ìtàn inú rẹ̀, àánú a ṣe wọ́n, wọn a sì gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ láìwo orúkọ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn orúkọ ìsàlẹ̀ yẹn ló gbé ìwé náà ró.

Bàbá bàbá mi ni wọ́n kọ́kọ́ là mí lójú sí ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Akọ̀wé lẹ́tà ni wọ́n. Tábìlì wọn wà lábẹ́ igi kan nítòsí kóòtù, pẹ̀lú ìgò yíǹkì kan, gègé méjì, àti ìwé fúlíṣíkáàpù tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Bí obìnrin kan bá wá pé kí wọ́n bá òun kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ nítorí ọmọ òun tó wà lẹ́wọ̀n, wọn kò ní tíì ti gègé bọ yíǹkì tí wọn yóò ti bi í pé, "Ta ni yóò fọwọ́ sí i?" Bí kò bá ní ìdáhùn, wọn yóò ní kó padà sílé lọ wá àlùfáà, baálé àti ọ̀gá tí ọmọ náà ń bá ṣiṣẹ́, kó tó padà wá. Ẹ̀dà kan nínú ìwé wọn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìtẹ̀ka mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, yíǹkì ti di aláwọ̀ ilẹ̀, orúkọ àti àdírẹ́sì bàbá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí òfin ti ní kí ẹni tó bá bá aláìmọ̀wé kọ̀wé máa ṣe. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ẹ̀dà ìwé ẹ̀bẹ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ọjọ́ rẹ̀ ti lé ní igba ọdún, ẹnu yà mí, nítorí ìlànà kan náà ni: a kí ẹni ńlá, a ní "ìwé ẹ̀bẹ̀ onírẹ̀lẹ̀ ti lágbájá ń fi hàn pé", a to àwọn ìdí tẹ̀ léra, a sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ìlérí àdúrà títí ayé. Inú kóòtù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá bá wa lẹ́yìn ogun 1892 tí wọ́n fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ni àwọn akọ̀wé wa ti kọ́ ọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin kà sí ilé fífọ́

Ẹ kò lè mọ ohun tí ìwé ẹ̀bẹ̀ ń sá fún bí ẹ kò bá mọ ohun tí òfin ń lépa. Ohun márùn-ún ló gbọ́dọ̀ pé kí ọ̀ràn náà tó di ilé fífọ́ tó ń mú ikú wá: kí ẹni náà fọ́ nǹkan kan, kó wọlé, kó jẹ́ ilé tí ènìyàn ń gbé, kó jẹ́ òru, kó sì ní in lọ́kàn láti jalè tàbí láti ṣe ọ̀ràn ńlá mìíràn níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà ti yí padà. Ṣíṣí fèrèsé tí wọ́n pa dé jẹ́ fífọ́, bí kò tilẹ̀ sí gíláàsì kankan tó fọ́. Gbígba ojú ihò èéfín orí òrùlé wọlé náà jẹ́ fífọ́. Ṣùgbọ́n bí onílé bá fi fèrèsé sílẹ̀ gbayawu tí olè sì gba ibẹ̀ kọjá, olè ni o, kò fọ́ nǹkan kan lójú òfin. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìwé ẹ̀bẹ̀ tó tẹnu mọ́ ọn pé ìlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé kì í tì dáadáa, tàbí pé ọmọ ọ̀dọ̀ gbàgbé fèrèsé ní ṣíṣí, ẹ fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó mọ òfin ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òru yìí gba ìfarabalẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí a jogún ní gúúsù Nàìjíríà, aago ni a fi wọn òru: láti aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, ẹni tó bá sì fọ́ ilé láàrin àkókò náà lè gba ẹ̀wọ̀n gbére, nígbà tí ti ọ̀sán jẹ́ ọdún mẹ́rìnlá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rúndún kejìdínlógún kò lo aago. Ìlànà tiwọn ni pé bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán bá ṣì tó láti fi dá ojú ènìyàn mọ̀, kò tíì di òru, wọn kò sì ka ìmọ́lẹ̀ òṣùpá mọ́ ọn. Fún àwa tí ilẹ̀ ń ṣú bá ní àkókò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà láti ọdún dé ọdún, èyí lè má jọ nǹkan bàbàrà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, oòrùn a ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù ní Oṣù Kejìlá, nígbà tó jẹ́ pé ní Oṣù Kẹfà kì í wọ̀ títí aago mẹ́jọ alẹ́ fi kọjá. Ìwà kan náà, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lè jẹ́ ti okùn ọrùn ní ìgbà òtútù, kó má sì jẹ́ ilé fífọ́ lóru rárá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, kí ẹ tó ka ìlà kejì ìwé ẹ̀bẹ̀, ẹ wá ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n ní ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín bóyá ènìyàn lè rí ojú ẹnì kejì rẹ̀ ní àkókò náà.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé àánú ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ọba. Àwọn ọkùnrin méjìlá tí wọ́n ń búra láti sọ bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi, ìyẹn àwọn júrì, lè sọ pé ó jí ẹrù lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò fọ́ ilé. Òfin 1713 sì ti sọ pé ẹni tó bá jí ohun tó tó 40 ṣílè nínú ilé gbígbé, ikú ni ìjìyà rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀sán, kó má tilẹ̀ fọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi máa rí i pé wọ́n díye lé ẹrù tó lówó lórí ní 39 ṣílè péré. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tí wọ́n kò bá ṣàánú fún ní ìpele yìí ni ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ máa ń bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Ìdí tí gbogbo nǹkan fi rọ̀ mọ́ ìwé yìí

Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ilé fífọ́ kàn nígbà náà kò ní lọ́yà tó lè dìde bá àwọn júrì sọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1730 lọ, àwọn adájọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba lọ́yà láyè láti da ìbéèrè bo àwọn ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n ó di 1836 kí òfin tó fún lọ́yà láyè láti ro ẹjọ́ náà fún júrì. Olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ kò lè búra kó jẹ́rìí títí di 1898. Kóòtù tí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi lè pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí nínú ọ̀ràn ọ̀daràn kò sí títí di 1907. Ìgbẹ́jọ́ mìíràn kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Tí ẹ bá pa gbogbo èyí pọ̀, ẹ ó rí i pé nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀daràn ti kọ́kọ́ ráyè sọ tẹnu wọn ní àsọtán, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá wọn lẹ́jọ́ tán.

Ọ̀nà méjì ni ìwé náà ń gbà, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tí tiyín gbà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ Old Bailey ń jókòó lẹ́ẹ̀mẹjọ lọ́dún. Lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan, adájọ́ ìlú tí wọ́n ń pè ní Recorder a lọ bá ọba àti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀, a ka orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a sì pinnu ẹni tí yóò kú àti ẹni tí wọn yóò dá sí. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ará Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ dé kí ìpàdé yẹn tó wáyé, tàbí láàrin ìpàdé náà àti ọjọ́ ìyẹgi. Ní àwọn àgbègbè mìíràn, adájọ́ a máa rìn láti ìlú dé ìlú lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Kó tó kúrò ní ìlú kan, a ti dá ikú àwọn kan dúró, a sì kọ orúkọ wọn ránṣẹ́ sí ìjọba pé kí wọ́n dárí jì wọ́n. Àwọn tó fi sílẹ̀ fún ikú ni wọ́n máa ń sáré kọ̀wé sí ọba nípasẹ̀ mínísítà, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ló sì máa ń wà láàrin ìdájọ́ àti okùn. Láti 1782, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni ìwé ń lọ bá. Ẹni tó wà ní ipò náà láti 1783 sí 1789 ni Lord Sydney, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú Sydney ní Ọsirélíà, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dárí jì parí ayé wọn sí.

Ohun tí mínísítà kọ́kọ́ ń ṣe pẹ̀lú ìwé tó wá láti ìgbèríko ni pé yóò fi í ránṣẹ́ sí adájọ́ tó dá ẹjọ́ náà gan-an, kó lè sọ èrò rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ọba ni orúkọ rẹ̀ wà lókè ìwé, ṣùgbọ́n adájọ́ ni yóò kà á. Bí ìwé ẹ̀bẹ̀ bá ní ẹlẹ́rìí purọ́ àti pé àwọn júrì ṣì í gbọ́, adájọ́ tó fúnra rẹ̀ gbọ́ ẹlẹ́rìí náà ló ń bá wí. Ẹni tó bá mọ èyí a rọra sọ̀rọ̀.

Ibi tí ẹ ó ti rí wọn

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ṣágámù kò nílò láti wọ ọkọ̀ òfúrufú. Àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ Old Bailey láti 1674 títí di 1913 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, fóònù yín sì tó láti fi kà á. Ìwé ẹ̀bẹ̀ fúnra wọn wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àmì tí ẹ ó tẹ̀ sínú ibi ìwákiri wọn ni SP 36 fún ìgbà Ọba George Kejì, àti HO 47 fún ìròyìn àwọn adájọ́ láti 1784 lọ, èyí tí ìwé ẹ̀bẹ̀ sábà máa ń bá rìn. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ṣe àlàyé ìwé HO 47 lọ́kọ̀ọ̀kan: orúkọ, ẹ̀ṣẹ̀, ìdí ẹ̀bẹ̀ àti ohun tí adájọ́ dámọ̀ràn. Àlàyé yẹn nìkan lè tó yín fún iṣẹ́ oṣù kan.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ẹ kíyè sí ọjọ́. Títí di 1751, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Oṣù Kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ lójú òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ọjọ́ kìn-ín-ní Oṣù Kìn-ín-ní. Ìwé tí wọ́n kọ "ọjọ́ kẹwàá Oṣù Kejì 1741" sí lórí lè jẹ́ ti 1742 ní ìṣirò tiwa, ìdí nìyí tí àwọn akọ̀wé mìíràn fi máa ń kọ ọ́ ní 1741/2. Ní Oṣù Kẹsàn-án 1752, wọ́n yọ ọjọ́ mọ́kànlá kúrò pátápátá, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ kejì oṣù náà ni ọjọ́ kẹrìnlá tẹ̀ lé. Mo ti ṣe àṣìṣe yìí rí: mo fi odidi oṣù kan wá ìgbẹ́jọ́ ọkùnrin kan nínú ọdún tí kò sí, nígbà tó jẹ́ pé ọdún kejì rẹ̀ ló wà, ó sì dùn mí gan-an nítorí mo ti kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní àṣìṣe náà kí n tó mọ̀.

Ohun mìíràn ni ìkọ̀wé wọn. Létà "s" tó wà láàrin ọ̀rọ̀ máa ń gùn bí "f". Orúkọ ẹnì kan sì lè ní ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n gbà kọ ọ́ nínú ìwé kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ wá gbogbo rẹ̀.

Kíkà á gan-an

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Wọ́n máa ń ká ìwé náà, akọ̀wé ọ́fíìsì a sì kọ ọ̀rọ̀ ṣókí sí ẹ̀yìn rẹ̀: orúkọ, ìlú, ọjọ́ tó dé, adájọ́ tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí, nígbà mìíràn ohun tí wọ́n pinnu. Nínú ìlà mẹ́rin yẹn ni ẹ ó ti mọ bí ìjọba ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kí ẹ tó mọ bí ẹlẹ́bẹ̀ ṣe sọ ọ́.

Nígbà náà ni kí ẹ wá ka ìtàn. Kí ó lè yé yín, mo ti fúnra mi ṣe ọ̀kan ní ìlànà tiwọn. Kì í ṣe ti ẹnì kankan, àpẹẹrẹ lásán ni:

"Sí ọba wa tí ọlá rẹ̀ ga jù lọ. Ìwé ẹ̀bẹ̀ onírẹ̀lẹ̀ ti ẹlẹ́wọ̀n kan tí ó wà lábẹ́ ìdájọ́ ikú ń fi hàn pé: ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹlẹ́bẹ̀ yín, ọmọ òbí olóòótọ́ tí kò ṣe irú rẹ̀ rí, pé àìríṣẹ́ṣe ní ìgbà òtútù àti ìmọ̀ràn ẹni tó jù ú lọ ló tì í sí i, pé kò mú ohun ìjà dání, kò sì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni nínú ilé náà, pé ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún, ó sì ní ọmọ kékeré kan, àwọn tí yóò di ẹrù ìjọ àdúgbò bí ó bá kú, pé ẹni tí wọ́n jà lólè ti fọwọ́ sí ìwé yìí. Ó ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹ dá ẹ̀mí rẹ̀ sí lórí àdéhùn yòówù tó bá tọ́ lójú yín, yóò sì máa gbàdúrà fún yín títí ayé gẹ́gẹ́ bí ojúṣe rẹ̀."

Ẹ wò ó. Gbogbo gbólóhùn ibẹ̀ ló ń dáhùn ìbéèrè tí adájọ́ ní lọ́kàn. Ọjọ́ orí ló ṣáájú nítorí pé ìgbà èwe wà lára àwọn ìdí tó lágbára jù lọ tí wọ́n fi ń dá ẹ̀mí sí. Ẹ má gbà á gbọ́ títí ẹ ó fi rí ìwé ìrìbọmi rẹ̀ tàbí ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sílẹ̀ níbòmíràn. "Kò ṣe irú rẹ̀ rí" jẹ́ ohun tí adájọ́ lè já ní koro pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo bí ó bá ti rí ẹni náà níwájú rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ ohun ìjà àti pé kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀ nítorí pé ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn onílé nínú ilé fífọ́ ni pé kí ènìyàn lajú lóru kó rí àlejò lórí ìbùsùn. Ẹgbẹ́ olè tó mú ohun ìjà dání kì í sábà rí àánú gbà, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ṣílẹ̀kùn fún olè láti kó ọ̀gá rẹ̀ lẹ́rù náà kì í sábà rí i.

"Ẹrù ìjọ àdúgbò" ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí. Láti 1601 ni òfin ti di ìtọ́jú aláìní lé ìjọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan lórí, owó rẹ̀ sì ń jáde láti àpò àwọn onílé tó wà níbẹ̀. Bí baba ilé bá kú lórí igi, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ti di gbèsè wọn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí i pé àwọn alàgbà ìjọ àti àwọn alábòójútó aláìní fọwọ́ sí ìwé kan, ẹ má yára sọ pé ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìfẹ́, ó lè jẹ́ owó, ó sì sábà máa ń jẹ́ méjèèjì. Ẹni tó ti bá wọn ṣe ìpàdé ẹbí ní Rẹ́mọ nítorí ọmọ tó dá ọ̀ràn kò ní ya ara rẹ̀ lẹ́nu sí èyí: àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ kíkan-kíkan jù lọ ni àwọn tí ẹrù yóò bọ́ sí lọ́rùn.

Gbólóhùn "àdéhùn yòówù" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Láti ìgbà tí òfin 1718 ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ìdáríjì tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n kó ẹni náà lọ sí òkè òkun fún ọdún mẹ́rìnlá, sí Maryland tàbí Virginia ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún àwọn olóko. Nígbà tí Amẹ́ríkà gbé ogun dìde, ọ̀nà náà dí. Láti 1776 ni wọ́n ti ń kó ọ̀daràn sínú ògbólógbòó ọkọ̀ ojú omi lórí odò Thames, tí wọ́n ń wa yanrìn, títí ọkọ̀ àkọ́kọ́ fi ṣí lọ sí Ọsirélíà ní 1787. Àwọn kan kọ ìdáríjì náà. Ní 1789, àwọn obìnrin mélòó kan ní Old Bailey sọ lójú adájọ́ pé àwọn kò gba irú àánú bẹ́ẹ̀, ó sì gba wàhálà kí wọ́n tó yí wọn lọ́kàn padà. Tí ẹ bá mọ ọdún tí wọ́n kọ ìwé tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ti mọ ohun tí ẹlẹ́bẹ̀ ń fara mọ́ nígbà tó ní "yòówù".

Ta ló bá a wá?

Ẹ má ka iye orúkọ, ẹ wọn bí wọ́n ti wúwo tó. Ní 1777, wọ́n yẹgi fún àlùfáà kan tí ń jẹ́ William Dodd nítorí ayédèrú ìwé owó, bẹ́ẹ̀ ó ju 20,000 ènìyàn lọ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ fún un. Kì í ṣe ẹjọ́ ilé fífọ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ orúkọ kì í yí ọba lọ́kàn padà dandan. Orúkọ mẹ́ta lè ṣe ohun tí ẹgbẹ̀rún kò lè ṣe. Àkọ́kọ́ ni ti ẹni tí wọ́n jà lólè. Òun ló gbé ẹjọ́ lọ, nítorí ní ayé ìgbà náà ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń fi owó àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pe olè lẹ́jọ́, kì í ṣe ọlọ́pàá; bí òun fúnra rẹ̀ bá yí padà tó ní kí wọ́n má pa á, ó ṣòro fún adájọ́ láti le jù ú lọ. Èkejì ni ti ọ̀gá tó ṣèlérí pé òun yóò gba ọmọ náà padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni ti ọlọ́lá àdúgbò tí mínísítà mọ̀ lójú. Ẹ wò ó bóyá orúkọ wọ̀nyí wà lókè pátápátá àbí wọ́n há sí àárín, bóyá ọwọ́ kan náà ló kọ orúkọ mẹ́wàá, àti iye àwọn tó fi àmì X sípò orúkọ wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí. Ọ̀gá tí wọ́n dárúkọ nínú ìtàn ṣùgbọ́n tí kò fọwọ́ sí i ń sọ nǹkan. Àlùfáà ìjọ tí kò sí láàrin àwọn tó fọwọ́ sí i ń sọ nǹkan. Bàbá àgbà mi a máa sọ pé àga tó ṣófo níbi ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu.

Ẹ fetí sí ohun tí ìtàn kò sọ pẹ̀lú. Nínú àpẹẹrẹ mi lókè yìí, ẹ kò rí wákàtí tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, ẹ kò rí ohun tí wọ́n jí, ẹ kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan lòdì sí ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́bẹ̀ yẹn ti kúnlẹ̀, kò jiyàn. Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń kúrú. Ìwé tó ń jiyàn a máa gùn, orí ẹlẹ́rìí ló sì máa ń dúró lé. Bí ẹ bá bá irú rẹ̀ pàdé, ẹ wádìí owó. Láti 1706 ni ìjọba ti ń fún ẹni tó bá mú afọ́lé tí wọ́n sì dá a lẹ́bi ní 40 pọ́n-ùn, owó tí òṣìṣẹ́ lásán kò lè rí láàrin ọdún kan. Owó yìí sọ àwọn kan di amólè-jẹun. Jonathan Wild tí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ń sá tọ̀ nítorí ẹrù tó sọnù ni olórí wọn, òun náà ló lépa Jack Sheppard, ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ní 1724 pé ó fọ́ ilé oníṣòwò aṣọ, tó sá kúrò ní ẹ̀wọ̀n Newgate lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó yẹgi fún un ní Oṣù Kọkànlá ọdún náà. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi yẹgi fún Wild náà. Nítorí náà, bí ìwé ẹ̀bẹ̀ bá ní owó orí ni ẹlẹ́rìí ń wá, tàbí pé alábàáṣe olè ni ẹlẹ́rìí ọ̀hún, tó ta àwọn yòókù kí òun lè bọ́, ẹ padà sí àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ kí ẹ wo bí àwọn ẹlẹ́rìí ṣe wá síbẹ̀.

Ìdáhùn adájọ́, àti ibi tó parí sí

Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dájọ́ ni àgbà òṣìkà, òun náà sì ni ẹni tó bá ka ìwé ẹ̀bẹ̀ tó kọ̀ láti ka ìròyìn adájọ́. Nínú ìròyìn náà, adájọ́ a ṣí ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nígbà ìgbẹ́jọ́, a sọ ohun tí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan wí, a sì sọ ní ìparí bóyá òun rí ìdí fún àánú tàbí òun kò rí i. Ẹ tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú yín, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí ẹ máa fi ìka tẹ̀ lé wọn ní gbólóhùn dé gbólóhùn. Ibi tí wọ́n ti bára mu kò ní iṣẹ́ púpọ̀ fún yín. Ibi tí ìwé ẹ̀bẹ̀ ní fèrèsé ṣí sílẹ̀ tí adájọ́ sì ní wọ́n rí irin ìfọ́lé nísàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ jókòó sí. Bí adájọ́ bá sì kọ̀ láìsọ ìdí kankan ju pé ilé fífọ́ ti pọ̀ jù ní àgbègbè náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ní àdúgbò wọn.

Ti obìnrin ní ohun kan lọ́tọ̀. Bí ó bá ní òun lóyún, àwọn ìyá tí kóòtù yàn a yẹ̀ ẹ́ wò, bí ọmọ inú rẹ̀ bá sì ti ń sọ, wọn a dá ikú rẹ̀ dúró títí yóò fi bí i. Lẹ́yìn ìbímọ, ìjọba sábà máa ń dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ìdánilójú.

Ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ yín ni láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni náà, nítorí ìwé ẹ̀bẹ̀ kì í sọ ọ́. Láti 1782, ìwé ìdáríjì àti àṣẹ tó ń lọ sí àwọn ẹ̀wọ̀n wà nínú àmì HO 13 ní Kew. Bí ẹ bá rí orúkọ náà níbẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú sínú ìwé àwọn ọkọ̀ tó lọ sí Ọsirélíà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ wo àwọn ìwé ìròyìn ìlú náà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kí ẹ wo ìwé ìnáwó tí ṣẹ́ríìfù àgbègbè kọ̀ọ̀kan, ìyẹn aṣojú ọba tó ń rí sí ìyẹgi níbẹ̀, ń kọ ránṣẹ́ sí ilé ìṣúra ọba láti gba owó rẹ̀ padà. Nínú ìwé ìnáwó yìí, láàrin owó oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n àti owó ìgbàlejò adájọ́, ni iye tí wọ́n ná láti yẹgi fún ẹni náà ti máa ń wà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.